Ẹ Má Tíì Tẹ “New Game”: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Ọmọ Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Ajégúnlẹ̀, láti Bọ́ńdìrì títí dé Tolú, àti ẹ̀yin ará Àpápá tí ariwo tírélà kì í jẹ́ kí ẹ sùn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ìwé kíkà, kì í sì í ṣe ti iṣẹ́ wíwá. Ọ̀rọ̀ géèmù ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan yóò bèèrè pé kí ló kan àgbàlagbà nínú eré ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ẹni tó bá ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ oṣù to ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù jọ lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, tó ra Odion Ighalo nítorí pé ọmọ Ajégúnlẹ̀ wa ni, tó gba ife lé ife, tó wá jí lọ́jọ́ kan tí kò rí nǹkan kan mọ́, yóò mọ̀ pé àdánù ni àdánù ń jẹ́.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àyè tán lórí kọ̀ǹpútà, ẹ yọ géèmù kúrò. Tàbí ẹ gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ ẹnjinníà, ó sì fọ́máàtì rẹ̀. Ọdún yí po, ọkàn yín tún fà sí Pro Evolution Soccer 6, tàbí San Andreas, tàbí Championship Manager 01/02 tí ẹ bá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ wá díìsìkì rẹ̀ kàn, ẹ tún fi í sórí ẹ̀rọ, ẹ ṣí i, kò dá yín mọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ yín á gbà pé ó ti parí nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tíì parí.

1. Ẹ káwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ná.

Bí géèmù bá ṣí tí kò fi nǹkan àtijọ́ hàn yín, ẹ má tẹ “New Game”, ẹ má sì sééfù ohunkóhun tuntun. Ìdí rẹ̀ ni pé orúkọ kan náà ni ọ̀pọ̀ géèmù máa ń fún fáìlì wọn nígbà gbogbo. San Andreas, fún àpẹẹrẹ, ní àyè mẹ́jọ tí ẹ lè sééfù sí, orúkọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ láti GTASAsf1.b dé GTASAsf8.b. Bí ẹ bá sééfù eré ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí àyè kìn-ín-ní, tí fáìlì àtijọ́ sì wà níbẹ̀, tuntun á gorí àtijọ́, ó sì tán nìyẹn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

2. Géèmù lọ́tọ̀, ohun tí ẹ sééfù lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi lè ti ṣíkọ̀ padà sí Rotterdam, kí kọ̀ǹténà tó já sílẹ̀ ṣì jókòó sínú ọgbà pọ́ọ̀tù fún oṣù mẹ́ta. Bẹ́ẹ̀ náà ni géèmù. Nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, ohun tó kó wá lọ́jọ́ tí ẹ fi í sórí ẹ̀rọ ni wọ́n ń kó dànù. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín dá sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣeré máa ń ṣẹ́kù sẹ́yìn. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ mọ ọgbà tó wà.

Ẹ kọ́kọ́ wo Documents. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí fódà KONAMI. Pro Evolution Soccer 6 wà nínú rẹ̀, “save” sì wà nínú ìyẹn. San Andreas ní fódà tirẹ̀ níbẹ̀, “GTA San Andreas User Files”. Vice City náà ní “GTA Vice City User Files”. Need for Speed Most Wanted ti ọdún 2005 ń jẹ́ “NFS Most Wanted”. Ti Football Manager, ẹ ṣí “Sports Interactive”, ẹ wọ inú ọdún tí ẹ ń gbá, ẹ wá fódà “games”.

Àmọ́ Need for Speed Underground 2, tó jáde ní 2004, kò sí nínú Documents. Inú AppData ló wà, Windows sì ti fi fódà yẹn pamọ́ kúrò lójú. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ kọ %localappdata% sí ojú ibi tí àdírẹ́sì máa ń wà lókè fódà, ẹ tẹ Enter, á gbé yín débẹ̀, ẹ ó sì rí “NFS Underground 2”.

3. Bí géèmù bá dàgbà ju Windows yín lọ, ẹ wá VirtualStore.

Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọnù. Géèmù àtijọ́, irú Championship Manager 01/02 àti Age of Empires II, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Documents. Inú fódà tí wọ́n fi géèmù sí ni wọ́n ń sééfù sí, lábẹ́ Program Files; Age of Empires II tilẹ̀ ní fódà kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Savegame. Láyé Windows XP, kò sí wàhálà. Nígbà tí Windows Vista bọ́ sọ́jà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, Microsoft ní ó tó gẹ́ẹ́, géèmù kankan kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé máa kọ nǹkan sínú Program Files mọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí àwọn géèmù àtijọ́ kú, ni wọ́n bá dá ọgbọ́n kan. Bí géèmù bá fẹ́ kọ fáìlì sí Program Files, Windows á gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e lọ sí C:\Users, lábẹ́ orúkọ yín, nínú AppData, nínú Local, nínú VirtualStore. Géèmù ní tirẹ̀ á máa rò pé Program Files lòun kọ ọ́ sí.

Ẹ wá wo ohun tó ń tìdí rẹ̀ yọ. Ẹ yọ géèmù kúrò, ẹ tún un gbé sí D:\Games nítorí àyè, ó ṣí, kò rí nǹkan kan. Ẹ wo Program Files, òfìfo ni. Fáìlì yín ṣì wà ní VirtualStore láti ọjọ́ yìí wá.

Ọ̀nà kejì tó fi ń dani láàmú: ẹnì kan á gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ máa fi “Run as administrator” ṣí géèmù àtijọ́ kó má baà máa dákú. Ètò tí ẹ bá ṣí bẹ́ẹ̀ kì í wo VirtualStore rárá. Program Files gidi ló ń wò. Ìdí nìyí tí ohun tí ẹ sééfù fi lè wà lánàá kó má sì sí lónìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣí i bí ẹ ṣe ń ṣí i tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ da fáìlì inú VirtualStore kọ sí fódà géèmù gan-an.

Ẹ má sì gbàgbé pé orúkọ oníkálukú ni VirtualStore wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnjinníà bá ti dá orúkọ tuntun sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ yín, ẹ lọ sí C:\Users kí ẹ wò ó bóyá fódà orúkọ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti rí i tó wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹni tó ni ín ti ń sunkún.

4. Ẹ bi ẹnjinníà ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Àwọn ẹnjinníà kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé kò sí àìsàn kọ̀ǹpútà tí wọn kì í fi fọ́máàtì wò. Ẹ bi í kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Bó bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ bi í náà: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fọ́máàtì díìsìkì ni, àbí ẹ kàn gbé Windows tuntun lé àtijọ́ lórí?”

Bó bá jẹ́ pé ó gbé e lé e lórí ni, ẹ ṣí C:, ẹ ó rí fódà kan tó ń jẹ́ Windows.old. Ẹ wọ Users nínú rẹ̀, Documents àtijọ́ yín ń bẹ níbẹ̀ lódindi, AppData náà ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yára o. Lórí Windows 10, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ẹ̀rọ ń fi í sílẹ̀ kó tó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ó fọ́máàtì ni, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fi ohunkóhun sórí rẹ̀ mọ́. Fọ́máàtì kíákíá tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe, àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì wà ló ń nù. Fáìlì gan-an ṣì wà lórí hard disk títí òmíràn á fi gorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ díìsìkì náà, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n fi Recuva tàbí TestDisk wá a, kí wọ́n sì kó ohun tí wọ́n bá rí sórí díìsìkì tó yàtọ̀. SSD ni kò mọ àánú. Òun máa ń nu àyè tí nǹkan ti kúrò mọ́ fúnra rẹ̀, ìrètí ibẹ̀ kò pọ̀.

5. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ dà á kọ, ẹ má gé e.

“Copy” ni ẹ ó tẹ̀, kì í ṣe “Cut”. Ẹ kọ́kọ́ da ẹ̀dà kan sórí fláàṣì kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí géèmù tuntun ṣí lẹ́ẹ̀kan kó lè dá fódà tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ wá gbé fáìlì àtijọ́ wọ ibẹ̀. Ẹ má yí orúkọ fáìlì padà, kódà ẹyọ lẹ́tà kan. Bó bá jẹ́ Need for Speed ni, fódà tó ń jẹ́ orúkọ tí ẹ fi ń ṣeré ni kí ẹ gbé lódindi. Bí fáìlì bá ti orí CD wá, ẹ wo Properties rẹ̀ bóyá àmì Read-only wà níbẹ̀. Bó bá wà, géèmù lè ṣí i kó má lè sééfù lé e.

Ohun tí ẹ kì í kà sí ni irú géèmù tí ẹ fi sééfù nígbà náà lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ yín ń gbá PES tí wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ àti aṣọ agbábọ́ọ̀lù inú rẹ̀. Master League tí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí irú èyí lè dàrú bí ẹ bá gbé e lé géèmù tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. San Andreas tí ẹ ti kó mọ́tò àti aṣọ àjèjì sínú rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: ó lè máa ti ara rẹ̀ pa gbàrà tí ẹ bá ṣí fáìlì àtijọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó wí pé fáìlì ti bàjẹ́, ẹ dá géèmù padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú pàáṣì rẹ̀ àti gbogbo ohun tí ẹ kó sí i. Championship Manager ní ìwà tirẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kóòṣì ló da orúkọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù kọ sínú fáìlì yín, torí náà bí ẹ bá wá orúkọ tuntun gbé sínú géèmù, ti àtijọ́ kò ní yí padà. Ẹ má pariwo pé kò ṣiṣẹ́.

6. Ní ìlú tí iná ti ń lọ, ẹ má fọkàn tán fáìlì kan ṣoṣo.

Ní 2005 ni NEPA di PHCN. Ní 2013 ni wọ́n pín in fún àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni, Eko Electricity ló sì já mọ́ wa lọ́wọ́. “Up NEPA!” ni àwọn ọmọ ṣì ń pariwo. Bí iná bá lọ nígbà tí géèmù ń kọ fáìlì lọ́wọ́, fáìlì á di ààbọ̀, géèmù kì í sì í ṣí ààbọ̀. Championship Manager ló burú jù níbi kí a sọ òtítọ́, torí pé fáìlì rẹ̀ tóbi, ó sì ń pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán lórí ẹ̀rọ tó lọ́ra. Bátìrì laptop tòkunbọ̀ ni kí n má sọ, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ní orúkọ méjì. Ẹ sééfù sí ọ̀kan lónìí, ẹ sééfù sí èkejì lọ́la.

7. Fláàṣì tó di shortcut kò tíì kú.

Ẹ fi fláàṣì sí kọ̀ǹpútà ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ padà délé, gbogbo fódà ti di shortcut. Ẹ má fọ́máàtì rẹ̀, ẹ má sì tẹ ọ̀kankan nínú wọn. Fáírọ́ọ̀sì ló ṣe é, ṣùgbọ́n ó kàn fi ojúlówó fódà pamọ́ ni. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ attrib -h -r -s /s /d F:\*.* bí ó bá jẹ́ F ni lẹ́tà fláàṣì yín, ẹ tẹ Enter. Wọn á yọjú. Ẹ wá fi antivirus nù ún kí ẹ tó dà wọ́n kọ.

8. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da páálí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nù.

Kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé yín, mẹ́mọ́rì káàdì ni àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń gbé sápò lọ sí ilé géèmù. Ti PlayStation àkọ́kọ́ kò ju àyè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ti PlayStation 2 jẹ́ 8MB. Ọmọ tó bá ní káàdì tirẹ̀ nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè fi ojú kékeré wò ó. Ó ṣeé ṣe kí káàdì yẹn ṣì wà nínú páálí kan nílé, pẹ̀lú CD tí wọ́n fi bírò kọ “my games” sí lára.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin Amẹ́ríkà kan, Jordan Mechner. Òun ló kọ Prince of Persia tó jáde ní 1989, èyí tó jẹ́ pé lórí DOS, Ctrl àti G ni a fi ń sééfù rẹ̀, fáìlì rẹ̀ sì ń jẹ́ PRINCE.SAV. Ọkùnrin yìí wá ojúlówó iṣẹ́ kóòdù tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún géèmù náà títí, kò rí i. Ní 2012, bàbá rẹ̀ kan páálí kan nílé tó kún fún díìsìkì pélébé ayé àtijọ́. Iṣẹ́ náà ló wà níbẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti wà nínú páálí, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà àtijọ́, Jason Scott àti Tony Diaz, bá a kà wọ́n, wọ́n sì rí i yọ, ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Ẹ rí i pé bàbá tí kì í da nǹkan nù wúlò lọ́jọ́ kan.

Kò sí ohun tí kì í lópin, ẹ mọ ìyẹn náà. The Legend of Zelda tó dé Amẹ́ríkà ní 1987, bátìrì kékeré kan nínú káàtírììjì rẹ̀ ló ń ṣọ́ ohun tí ẹ sééfù. Bí bátìrì yẹn bá kú, kò sí ẹnjinníà tó lè rí i mọ́. Ẹ kó ohun inú káàdì àti CD yín sórí ẹ̀rọ tuntun nígbà tí wọ́n ṣì ń kà.

9. Bí ẹ bá ra tòkunbọ̀, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti lò ó rí.

Àpápá àti Tin Can tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù gbà wọ ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, àjọ Basel Action Network láti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí Èkó, The Digital Dump ni wọ́n pe àkọlé rẹ̀. Wọ́n ní nǹkan bí 500 kọ̀ǹténà ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lóṣooṣù. Wọ́n tún ra hard disk lọ́jà, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn tó ni ín tẹ́lẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ta ẹ̀rọ yẹn rò pé wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Bí ẹ bá bá géèmù ẹlòmíràn lórí ẹ̀rọ tí ẹ rà, kò burú kí ẹ rẹ́rìn-ín sí i. Bó bá jẹ́ fọ́tò àti lẹ́tà ilé ìfowópamọ́ ni, ẹ má ṣí i, ẹ nu díìsìkì náà mọ́. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti gba orúkọ tí kò tọ́ sí i tó. Ẹ má fi ti ẹni ẹlẹ́ni kún un. Lọ́jọ́ tí ẹ̀yin náà bá ń ta tiyín, ẹ kó ohun tí ẹ sééfù jáde, kí ẹ wá nu ìyókù dáadáa kó má baà ṣe yín bó ṣe ṣe wọ́n.

10. Ẹ má kánjú tẹ bọ́tìnnì níwájú Steam.

Láti 2008 ni Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń bá ènìyàn fi fáìlì pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, pàápàá fún ẹni tí olè lè gba laptop lọ́wọ́ rẹ̀ nínú dánfó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo géèmù àtijọ́ ló ń bá ṣe é, ẹ wò ó kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bó bá sì rí i pé ohun tó wà lọ́dọ̀ òun yàtọ̀ sí ti orí ẹ̀rọ yín, á bi yín pé èwo ni kóun mú. Ẹ ka déètì méjèèjì. Ẹni tó tẹ bọ́tìnnì nítorí pé dátà fẹ́ tán lè fi òfìfo bo ọdún méjì mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti géèmù orí fóònù: ẹ fi àkáǹtì àtijọ́ yín wọlé kí ẹ tó gbá eré àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

11. Bí ó bá lọ tán, ẹ jẹ́ kó lọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ lọ wa fáìlì ẹni ẹlẹ́ni tó ti parí géèmù wá. Ẹ lè ṣe é bí ẹ bá kàn fẹ́ rìn káàkiri San Andreas láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n Master League tí ẹlòmíràn gbá kì í ṣe tiyín, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára láàárín ìdámẹ́ta wákàtí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó wá tẹ “New Game”.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ń bẹ̀ yín. Lálẹ́ òní, bí iná bá wà, ẹ wá fódà géèmù tí ẹ fẹ́ràn jù, ẹ da ohun tí ẹ sééfù kọ sórí fláàṣì, ẹ kọ ọjọ́ òní sí orúkọ fódà náà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí kò bá yín gbé inú ilé kan náà.